Kókó Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọmọdé: Bí A Ti Ṣe Tọ Ipasẹ̀ Àrùn Jẹjẹrẹ Kan ní Ilẹ̀ Áfíríkà

Ní ọdún 1957, ní ilé ìwòsàn Mulago tí ó wà ní ìlú Kampala ní ilẹ̀ Uganda, dókítà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hugh Trowell ránṣẹ́ pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ oníṣẹ́-abẹ, Denis Burkitt, pé kí ó wá bá òun wo ọmọdékùnrin kan tí ó dùbúlẹ̀ sí iyàrá àwọn ọmọdé. Ọmọ náà jẹ́ bí ọmọ ọdún márùn-ún. Ojú rẹ̀ ti wú kọjá ààlà: ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún wú, ti òsì wú, egungun àgbọ̀n òkè wú, ti ìsàlẹ̀ náà wú, eyín rẹ̀ sì ti ń mì nínú erìgì bí òpó tí ikán ti jẹ nídìí. Burkitt yẹ̀ ẹ́ wò títí, ọ̀rọ̀ náà sì rú u lójú. Bí ó bá ṣe pé oówo ni, tàbí eyín tí ó jẹrà, ojú kan ṣoṣo ni ì bá wú. Bí ó bá sì ṣe jẹjẹrẹ ni, jẹjẹrẹ tí àwọn oníṣègùn mọ̀ nígbà náà a máa bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan, kì í yọ ní ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ya fọ́tò ọmọ náà, ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí òun lè ṣe fún un.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ gbé Burkitt lọ sí Jinja, ìlú tí odò Náílì ti ń ṣàn jáde láti inú adágún Victoria. Bí ó ti ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nínú ilé ìwòsàn ibẹ̀, ó bojú wo òde láti ojú fèrèsé, ó sì rí ìyá kan tí òun àti ọmọ rẹ̀ jókòó lórí koríko. Ojú ọmọ náà wú gẹ́gẹ́ bí ti ọmọ Kampala. Burkitt jáde tọ̀ wọ́n lọ. Nígbà tí ó sì yẹ ọmọ náà wò tán, ó rí i pé kì í ṣe ojú nìkan, kókó mìíràn wà nínú ikùn rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo Ọlọ́ya ni ó ń ṣe. Èyí tí a rí lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ èèṣì, ṣùgbọ́n èyí tí a rí lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìgbà kúkúrú bẹ́ẹ̀, ó ní ibi tí ó ti ń bọ̀.

Ó yẹ kí a mọ irú ẹni tí Burkitt í ṣe. Ọmọ ilẹ̀ Ireland ni. Ní Enniskillen ni a ti bí i ní ọdún 1911. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 11, òkúta tí ọmọ ilé-ìwé kan sọ bà á lójú ọ̀tún, ojú náà sì fọ́. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó kọ́kọ́ fẹ́ kọ́ ní Trinity College ní Dublin kí ó tó yí padà sí ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Nígbà ogun ńlá kejì, ó béèrè fún iṣẹ́ dókítà ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀ ọ́ nítorí ojú kan tí ó ní. Bí ó bá ṣe pé wọ́n gbà á ni, bóyá Èkó tàbí Accra ni ì bá ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀, bóyá ìtàn yìí ì bá sì gba ọ̀nà mìíràn. Bí ó ti rí, ó wọ iṣẹ́ ológun, àwọn ológun rán an lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ní ọdún 1946 ó sì gba iṣẹ́ ìjọba ní Lira ní apá àríwá Uganda, kí wọ́n tó gbé e wá sí Kampala ní 1948. Ojú kan yìí ni ó fi rí ohun tí àwọn olójú méjì ti ń wò láti ọjọ́ pípẹ́.

Àwọn ènìyàn ti ń wò ó lóòótọ́. Albert Cook, dókítà míṣọ́nnárì tí ó dá ilé ìwòsàn Mengo sílẹ̀ ní Kampala ní 1897, ti kọ nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ̀. Nígbà tí Burkitt ti Jinja dé tí ó sì ṣí àwọn ìwé àkọsílẹ̀ Mulago, ó bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn níbẹ̀. Ohun tí ó fi wọ́n pamọ́ ni pé dókítà kọ̀ọ̀kan ti sọ àrùn náà ní orúkọ ibi tí ọwọ́ tirẹ̀ ti bà á. Ẹni tí ó bá a ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ pè é ní àrùn egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni tí ó bá a ní kíndìnrín pè é ní àrùn kíndìnrín. Ẹni tí ó bá a nínú ilé ẹyin ọmọdébìnrin, tàbí nínú ẹ̀dọ̀, tàbí lẹ́yìn ẹyinjú, pè é ní orúkọ mìíràn. Burkitt to àwọn ìwé náà pọ̀, ó sì rí i pé ọmọ kan náà ni ó sábà máa ń ní méjì tàbí mẹ́ta nínú àwọn kókó wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan náà. Àrùn kan ṣoṣo ni. Àwọn ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rìnlá ni ó ń mú, jù lọ àwọn tí ó wà láàárín ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ. Kókó náà sì ń yára dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ọmọ tí kò bá rí ìtọ́jú, oṣù díẹ̀ ni ó kù fún un.

Ní ọdún 1958 ni ó kọ ọ̀rọ̀ yìí jáde nínú ìwé àwọn oníṣẹ́-abẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì ṣàpèjúwe àwọn ọmọ 38. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó kà á sí. Ṣùgbọ́n ní Makerere, níbi tí J. N. P. Davies àti Gregory O'Conor ti ń fi maikirosíkópù wo àwọn kókó tí a bá yọ lára aláìsàn, a rí òtítọ́ kejì: àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó dàgbà kọjá ààlà wọ̀nyí kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì egungun, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ti kíndìnrín. Sẹ́ẹ̀lì inú oje-ara ni wọ́n, irú èyí tí í máa ṣọ́ ara lọ́wọ́ àrùn. Ẹ̀ṣọ́ ni ó di ọ̀tá. Wọ́n sì rí i pé nínú àwọn ọmọdé tí jẹjẹrẹ ń pa ní Uganda, nǹkan bí ìdajì ni ó jẹ́ pé irú èyí ni ó ń mú wọn.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ náà di ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò. George Oettlé, onímọ̀ jẹjẹrẹ kan láti Johannesburg, bẹ Kampala wò, wọ́n sì fi àwọn ọmọ náà hàn án. Ó sọ pé kò sí irú rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà. Bí ó bá wà ní Kampala tí kò sì sí ní Johannesburg, a jẹ́ pé ààlà kan wà ní àárín méjèèjì. Ibo ni ààlà náà wà, kí ni ó sì fi í síbẹ̀? Burkitt ní kí wọ́n tẹ ìwé pélébé tí ó ní fọ́tò àwọn ọmọ náà, ó ju ẹgbẹ̀rún lọ, ó sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àti ti míṣọ́nnárì káàkiri Áfíríkà, ó ń béèrè ìbéèrè kan náà lọ́wọ́ gbogbo wọn: ǹjẹ́ ẹ ti rí èyí rí? Bí èsì ti ń bọ̀ ni ó ń fi àmì sí ojú àwòrán ilẹ̀ tí ó gbé kọ́ ògiri. Kò pẹ́ tí ó fi hàn gbangba pé àwọn àmì náà ń tò bí ọ̀já ìgbàlẹ̀kùn yí àárín Áfíríkà ká, láti ìwọ̀-oòrùn dé ìlà-oòrùn, ní òkè àti ní ìsàlẹ̀ ìlà agbedeméjì ayé, pẹ̀lú ìrù kan tí ó gba etíkun ìlà-oòrùn sọ̀kalẹ̀ lọ sí Mozambique.

Ìwé kò tó. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1961, òun àti àwọn dókítà míṣọ́nnárì méjì, Ted Williams àti Cliff Nelson, kó sínú ọkọ̀ Ford àlòkù kan tí wọ́n rà ní £250, wọ́n sì forí lé gúúsù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni wọ́n lò lójú ọ̀nà, wọ́n rin nǹkan bí máìlì 10,000, wọ́n sì bẹ ilé ìwòsàn tí ó lé ní 50 wò. Gbogbo owó tí wọ́n ná kò tó £700. Ní òde òní tí a ń ka owó ìwádìí ìṣègùn ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù, ó dára kí a rántí pé ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí tí ó yí ìmọ̀ jẹjẹrẹ padà jùlọ jẹ́ ti ọkọ̀ àlòkù, fọ́tò díẹ̀, àti ẹnu tí kò rẹ̀ láti béèrè ọ̀rọ̀.

Ohun tí wọ́n rí ni pé ní apá Uganda àti Kenya, ibi tí ilẹ̀ bá ga ju nǹkan bí 5,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ, kókó náà kò sí níbẹ̀. Ní òkè Rwanda àti Burundi, kò sí. Ní ẹsẹ̀ àwọn òkè kan náà, ó wà. Bí wọ́n sì ti ń lọ sí gúúsù, ààlà náà ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di pé ibi tí ó tẹ́jú ní etí òkun nìkan ni a ti ń rí i. Burkitt gbà pé gíga ilẹ̀ ni ó ń dá àrùn náà dúró. Nígbà tí ó fi àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ han Alexander Haddow, onímọ̀ nípa kòkòrò ní ilé ìwádìí fáírọ́ọ̀sì tí ó wà ní Entebbe, ẹni yìí wò ó, ó sì sọ fún un pé kì í ṣe gíga ilẹ̀, òtútù ni. Ibi tí òtútù bá ti mú kí ooru lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n 60 ti Fahrenheit lọ nígbàkigbà láàárín ọdún, kókó náà kì í dé ibẹ̀. Ibi tí òjò ọdún kan kò bá sì tó 20 íǹṣì, kì í dé ibẹ̀ pẹ̀lú. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí òkè gíga kò fi bẹ́ẹ̀ sí, òjò ni ó pààlà: ní Ìbàdàn àti ní àwọn ìlú inú igbó àti ẹ̀bá igbó, àwọn oníṣègùn mọ kókó yìí bí ẹni mowó, ṣùgbọ́n bí a ti ń lọ sí òkè ọya, sí agbègbè Kano tí ilẹ̀ ti gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣọ̀wọ́n.

Àrùn wo ni ó ń bẹ̀rù òtútù tí ó sì fẹ́ràn òjò? Ẹni tí ó bá ti gbé ilẹ̀ yìí rí mọ ìdáhùn: àrùn tí ẹ̀fọn ń gbé kiri ni. Burkitt àti Haddow rò pé fáírọ́ọ̀sì kan ni ẹ̀fọn ń gbìn sára àwọn ọmọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń gbin ibà apọ́njú, tí fáírọ́ọ̀sì náà sì ń di jẹjẹrẹ. Wọ́n ṣìnà ní apá kan, wọn kò sì ṣìnà ní apá kejì. Ẹ̀fọn lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn náà. Fáírọ́ọ̀sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹrù tí ẹ̀fọn ń rù kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì náà. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí a tó tú okùn yìí.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1961, kí ó tó bọ́ sí ọ̀nà gúúsù, Burkitt ti sọ ọ̀rọ̀ ní ilé ìwòsàn Middlesex ní London. Nínú àwọn tí ó jókòó gbọ́ ọ ni ọ̀dọ́ onímọ̀ kan wà, Anthony Epstein, tí ó ti ń ṣe ìwádìí fáírọ́ọ̀sì tí ó ń fa jẹjẹrẹ lára adìyẹ. Peyton Rous ni ó ti kọ́kọ́ fi ti adìyẹ yẹn hàn ní Amẹ́ríkà ní 1911, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ adìyẹ ni, kò kan ènìyàn. Bí Epstein ti gbọ́ pé ojú ọjọ́ ni ó ń pààlà àrùn àwọn ọmọ Uganda, ó dá a lójú pé ohun alààyè kan ni ó ń fà á. Ó fò lọ sí Uganda, wọ́n sì ṣe àdéhùn pé kí a máa fi ọkọ̀ òfurufú gbé díẹ̀ nínú kókó tí a bá yọ lára àwọn ọmọ náà wá sí London.

Ó lé ní ọdún méjì tí wọ́n fi ń ṣe é tí wọn kò rí nǹkan kan. Wọ́n wo kókó náà lábẹ́ maikirosíkópù alágbára tí ó ń lo ẹ̀lẹ́kítírónì dípò ìmọ́lẹ̀, wọ́n gbìyànjú láti gbin sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sínú ìgò kí ó lè máa dàgbà, ó kọ̀. Àwọn méjì mìíràn ti dara pọ̀ mọ́ Epstein lẹ́nu iṣẹ́ náà: Yvonne Barr, ọmọ ilẹ̀ Ireland, àti Bert Achong, tí a bí ní Trinidad. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá ọdún 1963, ìkùukùu bo London, ọkọ̀ òfurufú tí ó ń gbé kókó kan bọ̀ láti Uganda kò lè balẹ̀ níbẹ̀, ó sì yà sí Manchester. Nígbà tí ẹrù náà yóò fi dé ọwọ́ Epstein, ọjọ́ ti lọ, omi inú ìgò ti di rìdìrìdì. Ẹlòmíràn ì bá dà á nù, nítorí irú omi bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àmì pé kòkòrò ti wọ inú rẹ̀, ó ti bàjẹ́. Epstein kán díẹ̀ nínú rẹ̀ sábẹ́ maikirosíkópù kékeré. Kò bá ìdíbàjẹ́ níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kókó náà ni, tí ìgbọ̀n ọkọ̀ ti tú kúrò lára ẹran, tí wọ́n ń léfòó ní ààyè. Ohun tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún méjì pẹ̀lú ọ̀bẹ àti ọgbọ́n, ọ̀nà jíjìn ti bá wọn ṣe é. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti mọ̀ pé inú omi ni àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí fẹ́ láti máa gbé.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 1964, Epstein gbé sẹ́ẹ̀lì tí ó ti dàgbà nínú ìgò sábẹ́ maikirosíkópù ẹ̀lẹ́kítírónì, ó sì rí fáírọ́ọ̀sì nínú rẹ̀ ní ìwò àkọ́kọ́. Ẹ̀rù bà á pé agbára ẹ̀rọ náà lè jó ohun tí ó ń wò, ó pa á, ó sì jáde lọ rìn yí àdúgbò ká nínú yìnyín, láìwọ ẹ̀wù òtútù, kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Ní òpin oṣù tí ó tẹ̀lé e ni Epstein, Achong àti Barr kọ ọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet. Fáírọ́ọ̀sì náà di èyí tí a ń fi orúkọ Epstein àti Barr pè títí di òní. Òun sì ni àkọ́kọ́ fáírọ́ọ̀sì tí a mọ̀ pé ó lè fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn. Orúkọ Achong kò wọ inú orúkọ náà.

Ṣùgbọ́n bí ayọ̀ náà ti ń ga ni ìṣòro ń dé. Ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, Werner Henle àti ìyàwó rẹ̀ Gertrude wá ọ̀nà láti fi mọ ẹni tí fáírọ́ọ̀sì náà ti wọ ara rẹ̀ rí nípa yíyẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Wọ́n retí láti bá a lára àwọn ọmọ Áfíríkà; wọ́n bá a lára àwọn ará Philadelphia pẹ̀lú. Ní 1967, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn ṣàìsàn, ọ̀nà ọ̀fun ń dùn ún, ibà mú un, orísun oje ọrùn rẹ̀ wú, irú àìsàn tí í máa mú àwọn ọ̀dọ́ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tí ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí kò ní àmì fáírọ́ọ̀sì yìí tẹ́lẹ̀, wá ní i lẹ́yìn àìsàn náà. Báyìí ni a ṣe mọ̀ pé itọ́ ẹnu ni fáírọ́ọ̀sì náà ń bá rìn, kì í ṣe ẹ̀fọn, àti pé nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ó ti dàgbà ní gbogbo ayé, bí mẹ́sàn-án ni ó ní i lára. Bí ó bá wà lára gbogbo ènìyàn, èéṣe tí ó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ Áfíríkà nìkan ni kókó rẹ̀ ń yọ lẹ́rẹ̀kẹ́?

Àwọn kan fẹ́ sọ pé a jẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì náà kò jẹ̀bi. Láti dá ẹjọ́ yìí, àwọn onímọ̀ tí Guy de-Thé ṣáájú wọn lọ sí agbègbè West Nile ní Uganda ní àwọn ọdún 1970, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé 42,000, wọ́n fi í pamọ́, wọ́n sì dúró. Nígbà tí kókó bẹ̀rẹ̀ sí yọ lára díẹ̀ nínú àwọn ọmọ náà, wọ́n padà lọ wo ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti gbà kí àrùn tó dé. Ní 1978 wọ́n kọ ọ́ jáde pé àwọn ọmọ tí àrùn mú ni ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń fi agbára tí ó pọ̀ ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ bá fáírọ́ọ̀sì náà jà, oṣù púpọ̀ tàbí ọdún kí kókó tó yọ. Fáírọ́ọ̀sì náà jẹ̀bi, ṣùgbọ́n kò dá a ṣe. Ó ní alábàáṣiṣẹ́.

Alábàáṣiṣẹ́ náà ni ibà málaríà, ẹ̀fọn sì ni ó gbé òun wá. Gilbert Dalldorf, ọmọ Amẹ́ríkà, ti sọ bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwòrán ilẹ̀ Burkitt sì bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu, nítorí ibi tí málaríà ti ń mú ọmọ ní gbogbo ọdún láìdáwọ́ dúró ni kókó náà ti pọ̀. Ní erékùṣù New Guinea, tí ó jìnnà sí Áfíríkà tó bẹ́ẹ̀, a rí irú kókó yìí lára àwọn ọmọ tí ń gbé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ tí málaríà ti gbilẹ̀. Ní Ìbàdàn, A. Olufemi Williams gba ọ̀nà mìíràn yọ sí ọ̀rọ̀ náà. Ó ti di mímọ̀ pé ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS, málaríà líle kì í tètè borí rẹ̀ bí ti ọmọ AA. Bí málaríà bá lọ́wọ́ nínú kókó yìí, ó yẹ kí àwọn ọmọ AS ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn tí kókó mú. Ìwé tí Williams kọ jáde ní 1966 fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Ìbàdàn. Kì í ṣe gbogbo ibi tí a ti tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn rẹ̀ ni a ti rí i kedere bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà gún régé, ìlú tí gbogbo ilé ti mọ ìyàtọ̀ láàárín AA àti AS ni ó sì yẹ kí ó ti wá.

Bí àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ kò hàn títí a fi lè wo inú sẹ́ẹ̀lì lọ́hùn-ún. Fáírọ́ọ̀sì náà a máa sá pamọ́ sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe èròjà tí ẹ̀jẹ̀ fi ń bá àrùn jà, ara a sì máa ká a lọ́wọ́ kò. Málaríà tí ó ń padà wá lemọ́lemọ́ ń lé àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí láti máa pín sí méjì, kí wọ́n tún pín, láìsinmi, ó sì ń sọ àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń ká fáírọ́ọ̀sì lọ́wọ́ kò di aláìlágbára. Nínú ìpínlémọ́lemọ́ bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 1972, tọkọtaya onímọ̀ kan láti Bulgaria, George Manolov àti Yanka Manolova, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Sweden, rí i pé ọ̀kan nínú àwọn kúrómósómù, èyíinì ni àwọn fọ́nrán tí àbùdá ìrandíran wà lára wọn, gùn ju bí ó ti yẹ lọ nínú sẹ́ẹ̀lì kókó yìí. Ní 1976 àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn ní Sweden kan náà fi hàn pé ṣe ni díẹ̀ já kúrò lára kúrómósómù kẹjọ tí ó sì lọ lẹ̀ mọ́ ìkẹrìnlá. Ní 1982 a mọ ohun tí ó wà nínú èyí tí ó já: àṣẹ kan tí à ń pè ní myc, tí í máa sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kí ó dàgbà. Nígbà tí ó bọ́ sí ẹ̀bá ibi tí sẹ́ẹ̀lì náà ti ń ṣe èròjà ìjà rẹ̀ tọ̀sán tòru, àṣẹ náà kò dákẹ́ mọ́. Ohun tí ó wú lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọ ní Mulago nìyẹn.

Ìtọ́jú kò dúró de gbogbo ìmọ̀ yìí. Burkitt ti kọ́kọ́ ń gé kókó náà pẹ̀lú ọ̀bẹ, ó sì rí i pé iṣẹ́ asán ni. Ẹ̀rọ tí ń fi ìtànṣán pa jẹjẹrẹ kò sí ní Uganda. Ó bẹ̀rẹ̀ sí lo àwọn oògùn tuntun tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́, ní ìwọ̀nba díẹ̀, nítorí oògùn kò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu pé kókó ńlá ń fà láàárín ọjọ́ díẹ̀, àti pé àwọn ọmọ kan tí ó gba oògùn lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì péré wà láàyè ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà náà, ìwọ̀nba jẹjẹrẹ ni a mọ̀ tí oògùn nìkan lè wò sàn. Peter Clifford ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Nairobi. John Ziegler ṣe é ní Kampala láti 1967. Ní Ìbàdàn, Victor Anomah Ngu ni ó ṣe é, ọmọ ilẹ̀ Cameroon tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn kí ó tó lọ sí London, tí ó sì padà wá di ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́-abẹ ní Yunifásítì ibẹ̀. Ní 1972, òun, Burkitt, Clifford, Ziegler àti àwọn mìíràn jọ gba ẹ̀bùn Lasker ti Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀bùn tí ó níyì jùlọ nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Ó yẹ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé wa mọ orúkọ Ngu bí wọ́n ti mọ ti Burkitt.

Ìpín àwọn ọmọ tí ń rí ìwòsàn ni kò dọ́gba. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, níbi tí kókó yìí kò wọ́pọ̀, bí ọmọ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni ó ń là á já ní òde òní. Ní ilẹ̀ tí a ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, tí a sì ti kọ́kọ́ fi oògùn lé e lọ, iye tí ó ń là á já kéré sí i lọ́pọ̀lọpọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í dé ilé ìwòsàn títí ojú yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Oògùn a máa tán láàárín ìtọ́jú. Owó ọkọ̀ àti owó oògùn a máa lé àwọn òbí padà sílé nígbà tí kókó bá ti fà díẹ̀, tí wọ́n rò pé ó ti tán. Àwọn oníṣègùn Ìbàdàn, Kampala àti Blantyre ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí jáde láti ìgbà pípẹ́.

Ohun mìíràn wà tí a kò gbọdọ̀ gbójú fò. Ní 1963, nínú kókó tí a yọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdékùnrin kan, ọmọ Nàìjíríà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 11, R. J. V. Pulvertaft mú sẹ́ẹ̀lì tí ó ń dàgbà nínú ìgò tí kò sì kú mọ́. Raji ni orúkọ tí a fún àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, orúkọ tí kò ṣàjèjì sí etí Yorùbá. Títí di òní ni wọ́n ń pín sí méjì méjì nínú àwọn ilé ìwádìí káàkiri ayé, tí a ń tà wọ́n nínú ìgò tí a ti fi òtútù dì, tí a sì ń fi wọ́n dán oògùn àti àjẹsára wò. Àwọn ìwé tí a fi ń tà wọ́n kọ ọjọ́-orí ọmọ náà, wọ́n kọ pé ọkùnrin ni, wọ́n kọ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kókó ti yọ. Wọn kò kọ orúkọ ìyá rẹ̀.

Burkitt fi Áfíríkà sílẹ̀ ní 1966, ó sì kú ní 1993. Barr kú ní 2016; Epstein pé ẹni ọdún 102 kí ó tó kú ní 2024. Kò tíì sí àjẹsára fún fáírọ́ọ̀sì tí ó ń jẹ́ orúkọ àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn, níbi tí a ti ń kọ orúkọ àwọn tí jẹjẹrẹ ń mú sílẹ̀ láti 1960, àwọn oníṣègùn rí i pé kókó yìí, tí ó jẹ́ nǹkan bí ìdajì gbogbo jẹjẹrẹ ọmọdé ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀, ti lọ sílẹ̀ gidigidi kí àwọn ọdún 1990 tó parí. Wọ́n sì ka lílo oògùn ibà tí ó gbòde kan mọ́ àwọn ìdí tí ó lè fà á. Ní 2023 Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí àjẹsára málaríà kejì, tí à ń pè ní R21. Ó dé Nàìjíríà ní 2024, àwọn ọmọ Kebbi àti ti Bayelsa ni a sì kọ́kọ́ gún un fún.